Wọ́n Fẹ́ Pààrọ̀ Orí Kọ̀ǹpútà Bàbá

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Òkè-Àró, Àkúrẹ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta, 2025.

Peculiar, ìkejì mi ọ̀wọ́n,

“Kò sẹ́ni tó máa pààrọ̀ orí ọkọ mi nínú ulé yìí! Ẹni tí orí bá ń yún, kó lọ pààrọ̀ tiẹ̀!”

Bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀ gan-an nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò. Màmá àgbà ni. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kúrò lẹ́nu wọn. Mo sá wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo jókòó lé odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fa bébà ya nínú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí. O mọ Màmá. Tí inú wọn bá dùn, “ilé” ni wọ́n máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ti di “ulé,” kí kálukú yáa wá ibi sá sí.

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ rẹ tí ìṣó gún ńkọ́, ṣé ó ti jiná? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Mo mọ̀ pé wọn ò tíì dá fóònù rẹ padà, ìyẹn ni mo ṣe ń fi bírò kọ ìwé sí ọ bí ẹni pé ayé ìgbà kan la wà. Bímbọ́lá kékeré ńkọ́, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ àbí ó ṣì ń wo èèyàn lójú bí adájọ́? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ní Oǹdó? Níbí, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí òrùlé ilé adìẹ wa lọ, kò tún rọ̀ mọ́. Ara gbogbo wa le. Èmi nìkan ni inú mi kò dùn, Mọ́mì sì ní ìyẹn kì í ṣe àìsàn, bí ojú mi ṣe rí nìyẹn.

Jẹ́ n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé o rántí kọ̀ǹpútà alágbèéká Bàbá àgbà? Èyí dúdú yẹn, tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá báyìí. Látìgbà tí Bàbá ti kú, èmi ni mò ń lò ó. Tí o bá tàn án, o lè lọ fọ abọ́, o lè lọ pọn omi, o lè lọ bá èèyàn jà kí ẹ sì parí ìjà, o máa padà wá bá a tí nǹkan róbótó kan ń yí po lójú rẹ̀, tó ń ní kí o ní sùúrù. Ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó máa kọ́kọ́ wúkọ́. Mi ò parọ́. Ó máa ṣe “kẹ̀hẹ̀, kẹ̀hẹ̀, krrrr,” ó máa dákẹ́ díẹ̀, ó máa tún ṣe “kẹ̀hẹ̀” kan ṣoṣo, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá rò ó pé kí òun fi sílẹ̀. Ikọ́ Bàbá gẹ́lẹ́ ni.

Màmá ló kọ́kọ́ fura. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a sin Bàbá, mo tan kọ̀ǹpútà ní pálọ̀, Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wúkọ́. Màmá kò gbójú sókè, wọ́n kàn dáhùn pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ìgbà tó wá yé wọn ohun tí wọ́n sọ, gbogbo ẹ̀wà ọwọ́ wọn dà sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kì í jẹun àárọ̀ tí mi ò bá tíì tan kọ̀ǹpútà. Wọ́n á ní, “Ẹniọlá, lọ jí Bàbá ẹ.” Màá tàn án, á wúkọ́, wọ́n á ní, “Ẹ káàárọ̀ o,” wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ògì. Tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, wọ́n á ní Bàbá rìnrìn-àjò. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tí mo kẹ̀yìn sí i, wọ́n bi mí bóyá bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, kí n máa kẹ̀yìn sí àgbàlagbà. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tèmi wá rèé. O mọ̀ pé SS2 ni mo dé tí mo fi dúró. Àwọn èèyàn rò pé olódo ni mí, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, torí ó rọrùn ju kí n máa ṣàlàyé lọ. Nígbà tí Bàbá ń ṣàìsàn, Mọ́mì ní iṣẹ́, Màmá kò lágbára láti gbé wọn, èmi ni mo jókòó sílé. Ìgbà tí wọ́n fi máa kú, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣe ìdánwò àṣejáde, ojú sì tì mí láti padà lọ bá àwọn ọmọ kéékèèké jókòó. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe báyìí ni kí n tẹ ìwé. Bàbá ló kọ́ mi lórí ibùsùn àìsàn, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, láìwo bọ́tìnì. Tí mo bá wò ó, wọ́n á fi ṣíbí gbá mi lọ́wọ́.

Àǹtí Yéwándé kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Alágbàká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní àwọn á gbà mí síṣẹ́ tí mo bá lè gbé kọ̀ǹpútà tèmi wá. Mo gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Oníbàárà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni bàbá kan tó máa ń ti Ìgbàrà-Òkè wọ ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wọn ti fún wọn níwèé pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi máa ń pẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí n tẹ èsì. Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó wúkọ́. Bàbá náà ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, lo oògùn.” Wọ́n rò pé èmi ni. A dúró. Wọ́n mu píọ́ wọ́tà kan, wọ́n mu ìkejì, wọ́n sùn, wọ́n jí, wọ́n bi mí bóyá ibí yìí náà ni àwọn wà. Nígbà tó fi máa ṣí, wọ́n ti pè wọ́n láti ọ́fíìsì pé ìwé mìíràn ti ń dúró dè wọ́n lórí tábìlì, pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ibi tí wọ́n wà láti àárọ̀.

Àǹtí Yéwándé pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ẹniọlá, ọwọ́ ẹ yá, mi ò ní parọ́ mọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan tó o gbé wá yìí, ṣé láptọ́ọ̀pù ni àbí aláìsàn? Lọ tọ́jú ẹ̀. Tó bá di Mọ́ńdè tó ń bọ̀ tí kò bá yá, ẹlòmíì ni mo máa gbà.”

Peculiar, mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ dé ilé. Mi ò ní ibòmíì tí wọ́n á ti gbà mí láìbéèrè ìwé ẹ̀rí.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ bá Bọ̀ọ̀dá Akínsànyà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ òpópónà wa. Wọ́n tẹ ibí, wọ́n tẹ ọ̀hún. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é ju pé orí rẹ̀ ti gbó. Orí ni wọ́n máa ń pe háàdì fún àwa tí a kò kàwé púpọ̀, torí wọ́n ní inú ibẹ̀ ló ń kó gbogbo nǹkan tó mọ̀ sí. Wọ́n ní nínú háàdì ayé àtijọ́, àwo kan wà tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, òun ló ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú tuntun kan wà tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, SSD ni wọ́n ń pè é, pé tí wọ́n bá fi ìyẹn sí i, kí n tó fìdí lélẹ̀ lórí àga á ti ṣí. Mọ́mì fún mi lówó rẹ̀ láìjanpata, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá. Ká ní ọ̀rọ̀ owó ni, ì bá rọrùn.

Ó di ọ̀sán, Bọ̀ọ̀dá Akínsànyà pè mí lórí fóònù. O mọ fóònù mi, kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni gbogbo ilé ń gbọ́. Wọ́n ní, “Ẹniọlá, mo ti rí ọ̀kan o! Gbé e wá ká pààrọ̀ orí ẹ̀ kíákíá. Èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn ò wúlò fún un mọ́. SSD yìí, kì í dún rárá, ó máa dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni.”

Màmá wà lórí àga wọn.

Ṣé o mọ ohun tí pààrọ̀ orí jẹ́ létí àgbà? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tí àwọn ọ̀tá máa ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ni, tí wọ́n á fi gba ire tó yẹ kó jẹ tiẹ̀, tí ẹni náà á wá máa rìn kiri ayé bí òfìfo. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Màmá ń gbàdúrà lòdì sí i. Wọ́n dìde.

“Orí ta ni?”

“Ti kọ̀ǹpútà ni, Màmá.”

“Kọ̀ǹpútà ta ni?”

“Kọ̀ǹpútà Bàbá.”

“Orí Bàbá!” Wọ́n káwọ́ lérí. “Ẹ ẹ̀ gbọ́ mi lóde yìí! Wọ́n á pààrọ̀ orí ẹ̀, wọ́n á tún di ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á ní kó dákẹ́ jẹ́ẹ́!”

Ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dì yẹn, SSD ni. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń fi òkú Bàbá sínú wàhálà sí i.

Màmá pe Bàbá Adébùsóyè, àbúrò Bàbá tó ń gbé Ọ̀bà-Ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, wọ́n tún máa ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn láyé ju ìpàdé lọ. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n dé pẹ̀lú fáìlì. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti pé orí kọ̀ǹpútà náà gan-an ni kí n ti tẹ̀ ẹ́, torí ẹjọ́ rẹ̀ la fẹ́ dá, kò dáa ká dá ẹjọ́ ẹni lẹ́yìn ẹni. Mo tàn án kí a tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó wúkọ́.

Màmá ní, “Wọ́n ti dé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀.”

Bàbá Adébùsóyè ti fẹ́ dìde, wọ́n ti ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gb...” kí wọ́n tó rántí ara wọn, ni wọ́n bá ń ṣe bí ẹni tó ń tún aṣọ ṣe.

Mọ́mì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní irin ni. Wọ́n ní irin kì í ní orí, àdúrà kankan kò sì lè pààrọ̀ ohun tí kò sí.

Màmá ní, “Irin ló ń wúkọ́?”

Mọ́mì wo kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sún àga wọn sẹ́yìn díẹ̀.

Bàbá Adébùsóyè gbé gíláàsì ojú wọn sókè, wọ́n bi mí bóyá orí tí a fẹ́ pààrọ̀ yìí jẹ́ ti ẹ̀rọ, àbí ti olóògbé, àbí àjọni ni. Mo ní ti ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní kí n tẹ ìyẹn sílẹ̀. Mo ní kò tíì ṣí. Wọ́n ní kí n fi sọ́kàn nígbà náà.

Mọ́mì ní, “Ọmọ yìí ríṣẹ́, Màmá. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́.”

Màmá ní, “Ta ló ní kó má ṣiṣẹ́? Kó ṣiṣẹ́! Ọkọ mi ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún. Ó wá mọ̀ ọ́n tán, ó fẹ́ bẹ́ ẹ lórí.”

Mi ò lè gbójú sókè mọ́.

Bàbá Adébùsóyè wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní ìpàdé kò lè fẹnu kò lórí ohunkóhun títí a ó fi ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí a ó sì fọwọ́ sí i. Gbogbo wa yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ń yí. A ka oore-ọ̀fẹ́. Bí a ṣe ń ṣe “Àmín” ló ṣí. Bàbá Adébùsóyè ní, “Ó dára, tẹ̀ ẹ́.” Kí n tó gbé ìka lé e, ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé òun fẹ́ tún ara òun ṣe, kí ẹnikẹ́ni má pa òun, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sún ìpàdé síwájú títí di ìgbà tí àkọsílẹ̀ máa jáde. Wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n gba ilé wọn lọ.

Wàá ti rí i pé kò sí ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Torí náà láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí Màmá ti kí Bàbá tí wọ́n ti mu ògì, mo gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì, mo sá lọ bá Bọ̀ọ̀dá Akínsànyà. Mi ò lọ pààrọ̀ nǹkan kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, bóyá ọ̀nà wà tí wọ́n lè gbà fi orí tuntun sí i kí ikọ́ ìṣáájú sì wà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú.

Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n tú àwọn nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀, wọ́n ṣí i. Peculiar, ìyẹ́ adìẹ! Ìyẹ́ adìẹ, eruku, irun, gbogbo rẹ̀ dì bíi òwú ìrọ̀rí. Wọ́n tàn án bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ikùn ṣíṣí. Ó wúkọ́. Wọ́n wá fi ìka kan ṣoṣo dí fáànù kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́. Ó dákẹ́. Wọ́n gbé ìka kúrò, “kẹ̀hẹ̀, kẹ̀hẹ̀, krrrr.” Wọ́n tún fi ìka dí i, ó tún dákẹ́.

“Ṣó o rí i? Orí kọ́ ló ń wúkọ́. Fáànù ni. Ìdọ̀tí ló há a lọ́fun. Bóyá a pààrọ̀ orí bóyá a ò pààrọ̀ ẹ̀, á ṣì máa wúkọ́.” Wọ́n ti mú búrọ́ọ̀ṣì. “Jẹ́ n kúkú gbọ̀n ọ́n dànù, kó lè mí dáadáa.”

Mo gbá wọn lọ́wọ́. Àgbàlagbà bíi tiwọn, mo gbá wọn lọ́wọ́ páá, búrọ́ọ̀ṣì fò lọ sábẹ́ tábìlì. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí n tó rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí rèé. Nígbà tí Bàbá ń ṣàìsàn, wọn kì í fẹ́ kí a wà nínú yàrá tí wọ́n bá ń sùn lọ́sàn-án. Ìta ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó. Mi ò lè rí wọn. Ikọ́ wọn ni mo fi ń mọ̀. Tí wọ́n bá wúkọ́, màá padà sídìí ìwé tí mò ń kà. Tó bá pẹ́ díẹ̀ tí mi ò gbọ́, màá máa ka òǹkà. Ó máa ń tó ọgọ́rùn-ún, nígbà míì igba. Ọjọ́ tí mo kà á dé ẹgbẹ̀rún ni mo lọ pe Mọ́mì. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Akínsànyà fi ìka wọn dí fáànù yẹn, mo ti kà á dé mọ́kànlá kí n tó mọ̀ pé mò ń kà á.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbọ̀n ọ́n dé ààbọ̀?”

Wọ́n wò mí. “Ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bẹ̀ mí nítorí ìdọ̀tí.” Wọ́n ní kò sí ààbọ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, gbogbo rẹ̀ ló máa tú dà sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbóná, á pẹ́ á yá, ooru náà lè pa á, bóyá lọ́dún kan, bóyá ní méjì. Wọ́n ní orí kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ àwọn, ẹlòmíì sì ti ń béèrè, tó bá di ọ̀sán ọ̀la tí mi ò bá wá, wọ́n á tà á.

Mo gbé e padà sílé. Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gba báàgì, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà jáde, wọ́n yí i po bí ẹni tó ń yẹ ọmọ tó ṣubú wò, wọ́n sì rí i pé nọ́ọ̀tì kan kò sí nídìí rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n lọgun ohun tí mo kọ sókè yẹn.

Wò ó, mo lè parí ìjà yìí ní ìṣẹ́jú kan. Mo lè wọlé báyìí kí n sọ pé, “Màmá, fáànù ni, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ orí.” Wọ́n á sì gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé ìyẹ́ adìẹ ni àwọn ti ń kí láràárọ̀ láti ọdún méjì. Bàbá Adébùsóyè á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. Mọ́mì á rẹ́rìn-ín, wọn ò ní mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ta ni Màmá máa wá kí kí wọ́n tó mu ògì?

Bá mi kí màmá rẹ, sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n rán fún mi ti wá ń fún mi láyà, kí wọ́n má bínú, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Bá mi gbé Bímbọ́lá jó lẹ́ẹ̀mejì. Kí gbogbo ará ilé yín. Ọ̀rẹ́ Mọ́mì kan tó ń bọ̀ ní Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé ló máa mú ìwé yìí wá, mo ti lẹ ẹ́ pa, tó bá dé ọwọ́ rẹ ní ṣíṣí, jẹ́ kí n mọ̀.

Mo ti pinnu. Lọ́la, ní aago mẹ́wàá, Màmá máa lọ síbi àdúrà àwọn ìyá. Kí wọ́n tó dé, orí tuntun á ti wà nínú rẹ̀, gbogbo ìwé tí Bàbá kọ á ti kọjá sínú rẹ̀ láìku ẹyọ kan, wọ́n á sì ti de nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ pé pérépéré. Fáànù yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Tó bá ń gbóná, mo máa fi nǹkan gbé ìdí rẹ̀ sókè. Tó bá kú lẹ́yìn ọdún kan, ó ti wúkọ́ fún ọdún kan nìyẹn. Èèyàn lè rò pé torí Màmá ni mo ṣe ń ṣe é, mo sì máa jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ fún Màmá, mi ò ní sọ fún Mọ́mì, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí. Ìwọ náà, mi ò sọ ọ́ fún ọ. Kíkọ ni mo kọ ọ́.

Èmi yìí náà ni, tìrẹ láìyẹ̀,

Ẹniọlá.